Kúbùsù Tó Bo Ẹja Lójú

Láti ọjọ́ tí àwọn ayàwòrán ti kun ẹja ńlá sára ògiri Pil-sun ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Gwi-deok mọ́. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an ni ilé Pil-sun wà, lórí òkè Gamcheon níbi tí àwọn ilé ti to léra bí àga akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹ̀yìn ga ju ti iwájú lọ. Àwọn àlejò a máa rọ́ wá láti Seoul àti láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á nawọ́ fóònù sí ẹja náà, wọ́n á máa pariwo. Ògiri Gwi-deok ńkọ́? Àwọ̀ ewé lásán ni wọ́n kùn ún, ó sì dojú kọ ọ̀nà tóóró tí ológbò nìkan ń gbà.

"Èmi tí mo kọ́kọ́ dé orí òkè yìí!" Ohun tó ń sọ fún Olúwa nìyẹn níbi àdúrà ìdájí. "Èmi tí mo fi ọdún méjì jù ú lọ! Mi ò jowú o, Baba. Mo kàn ń béèrè ni."

Owú ni. Ó sì ti ń jẹ ẹ́ wọ egungun.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, ó gbé kúbùsù ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, èyí tó pupa tó sì kún fún òdòdó, ó sá a sórí okùn gíga lórí òrùlé rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹja Pil-sun di aláìlórí, ìrù nìkan ló kù. Ta ni yóò ní kí arúgbó má sá kúbùsù rẹ̀?

Àfi bí ọmọbìnrin àlejò kan ṣe kígbe láti orí àtẹ̀gùn: "Ìyá àgbà, kúbùsù yín mà rẹwà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì í, ká yà yín!"

Gwi-deok tún irun rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, kúbùsù kì í wọlé lọ́sàn-án mọ́. Ó tilẹ̀ ń kun pọ́dà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Pil-sun sọ̀kalẹ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kúbùsù yín ò tíì gbẹ ni?"

"Atẹ́gùn ló ń gbà. Àbí ẹja rẹ ló rán ẹ wá? Ṣé kò rí ẹni wò ó mọ́?"

Pil-sun bú sẹ́rìn-ín. "Ẹja wo? Ariwo wọn kì í jẹ́ n sùn lọ́sàn-án. Tó bá ṣeé ká ni, ǹ bá ti ká a fún yín. Nítorí Bàbá Yong-dae ni mo ṣe wá." Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. "Oòrùn ojú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja yẹn ló kù tó ń gbádùn. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé kí ló dé tí ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa mọ́. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀yin ni."

Nígbà tí wọ́n ń fi páálí àti páànù kọ́lé lórí òkè náà, òfin kan ṣoṣo ló wà, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀: ilé iwájú kò gbọdọ̀ gba oòrùn lọ́wọ́ ilé ẹ̀yìn. Ọkọ Gwi-deok fúnra rẹ̀ ti yọ odidi ìlà búlọ́ọ̀kù kan lára ògiri tó ti mọ tán nítorí òfin yìí. Òun gan-an ló bá a ru àwọn búlọ́ọ̀kù náà sọ̀kalẹ̀.

Gwi-deok gun òrùlé lọ.

"Ìyá àgbà, ẹ má tíì ká a!" làwọn àlejò ń kígbe. "Ó ku ẹyọ kan!"

Ó ká a. Ó dùn ún bí ẹni tó ń yọ eyín ara rẹ̀. Bí ẹja náà ṣe yọ jáde torí-tìrù ni gbogbo fóònù yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo fèrèsé Pil-sun, ó rí i pé oòrùn ti wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á san án fún yín!" Pil-sun ké láti ìsàlẹ̀.

"Àmín," ni Gwi-deok wí, ó sì kẹ̀yìn sí ẹja náà, nítorí ó ṣì lẹ́wà jù.