Márùndínlọ́gọ́ta

Ó ti rẹ̀ mí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá ìtàn mẹ́káníìkì alágbára lè bá tirẹ̀ lọ. Mo ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn ń ro mí láti ìdí dé ọrùn, mo sì ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Ibi tí mo ti ń kó àwọn sípánà àtijọ́ sínú páálí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wakọ̀ wọlé.

Mo gbọ́ ariwo mọ́tò náà kí n tó rí i. Kò-kò-kò-kò, bí ẹni ń fi ṣíbí lu àwo. Mọ́tò ayé àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún eré sísá ni, ìjókòó méjì péré, imú gígùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí mo ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbẹ̀yìn, látìgbà náà sì rèé, ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò ju "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lọ.

"Ọ́ńkù, ẹ bá mi wò ó. Bàbá mi ti fún mi. Ẹ má sì sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń fẹ̀yìn tì."

"Ẹnu ẹ mà mú o. Ṣí iwájú ẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì yẹn ní kamṣáàfù méjì lórí. Irin gbọọrọ ni kamṣáàfù, ó ní iké mẹ́rin-mẹ́rin lára. Bó bá ń yí, àwọn iké náà á máa ti àwọn fáàfù ṣí. Ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ àti epo kí wọ́n wọlé, èkejì ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín kó jáde. Bí iké bá ṣe ga tó ni mọ́tò ṣe ń mí tó.

Mo tú ti àkọ́kọ́, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Iké méjì lára rẹ̀ ti jẹ, ara wọn rí ṣákaṣàka. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá, kò sì sí àtúnṣe fún un ju ká ra òmíràn.

"Ṣé ká ra ti eré ìje?" ọmọ náà bi mí. "Mo rí i lórí fóònù."

"Ti eré ìje á máa gbọ̀n jìgìjìgì bó o bá dúró, kò sì ní í lágbára àfi tó o bá ń sáré bí olè. Ṣé olè ni ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tó wà níbẹ̀."

Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí ìdí irin náà. Mo fi àkísà nù ún, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbé e mọ́, mo ní kó bá mi kà á. Ó ní márùn-ún àti mẹ́rin ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà ti àkọ́kọ́. Mo tú èkejì, mo gbé e fún un.

"Mẹ́fà, márùn-ún."

"Tún un kà."

"Mẹ́fà, márùn-ún, Ọ́ńkù. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ síléèwé."

Mo fa ìwé iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà yọ nínú dúrọ́ọ̀, ìwé tí epo ti sọ di dúdú. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni kamṣáàfù àkọ́kọ́ mọ́tò yìí. Márùndínlọ́gọ́ta ni èkejì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi mẹ́fà àti márùn-ún parí, ti àbúrò mọ́tò yìí ni, mọ́tò ìjókòó mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún olórí ìdílé tí kì í kánjú. Gígùn wọn dọ́gba, ojú ibi kan náà ni wọ́n ń wọ̀ sí. Iké nìkan ló yàtọ̀.

Mo ní bóyá ìwé ló purọ́. Mo gbé irin ìwọ̀n, mo wọn iké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi ìwọ̀n bí èékánná ọwọ́ ṣe nípọn tó kúrú sí bó ṣe yẹ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, wọ́n ń dán. Iṣẹ́ kì í jẹ irin lọ́gbọọgba. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ọdún méjìlélógún ni mọ́tò yẹn fi ń mí sínú dáadáa tí kò rí èémí náà mí jáde.

Mo jókòó sórí táyà. Mo rántí. Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ kamṣáàfù méjèèjì lọ́jọ́sí, orí fóònù ni mo ti béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, arúgbó tó máa ń pe nọ́ńbà bó ṣe yẹ ká pè é. "Mẹ́rìnléláàádọ́ta," ó ní, mo kọ ọ́ re. "Márùndínlọ́gọ́ta," ó ní. Èmi tí mo mọ nọ́ńbà kọ ju kí n pè é lọ, mo gbọ́ márùn-ún, mo gbọ́ ọgọ́ta, mo pa wọ́n pọ̀, mo kọ mẹ́fà àti márùn-ún. "Dín" tó wà láàárín wọn ni mo gbé mì.

Lọ́sẹ̀ kejì tí mo ṣe iṣẹ́ yẹn tán, ẹ̀gbọ́n mi padà wá, ó ní mọ́tò náà ò gun òkè mọ́. Mo wà á yí àdúgbò ká, àdúgbò tó tẹ́jú bíi tábìlì, mo ní kò sóhun tó ṣe é. Ó tún wá. Nígbà kẹta, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀, inú sì bí mi. "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò ò lárùn. Ẹsẹ̀ yín ni ò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ kúkú gbé kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó yín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n ò gbọ́ ìró pé nǹkan fọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi tiẹ̀ fi ọdún méjì lé e. Ta ló sì fẹ́ mọ̀? Kí n sáà ra méjì tó tọ́, kí n ju irin burúkú yẹn sáàárín àwọn àjákù irin ẹ̀yìnkùlé, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n lọ sinmi. Bó bá ti rẹ èèyàn, irọ́ kì í wúwo lójú ẹ̀. Mo ti ń fi àkísà wé e.

"Ọ́ńkù, ṣé á wá lè gun òkè báyìí?" ọmọ náà bi mí. "Torí nígbà tí màmá mi ń wà á, ọkọ̀ akẹ́rù pàápàá ń kọjá lára ẹ̀."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi kẹ̀? Mi ò rí wọn kí wọ́n wakọ̀ rí láyé mi." Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. "Màmá ló ń wà á títí orúnkún fi dá wọn dúró. Bàbá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ lórí itan. Wọ́n ní àwọn ò mọ mọ́tò wà, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Orí ìjókòó mọ́tò yìí gan-an ni.

Mo tú àkísà náà. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì tó tọ́ sórí ìwé, mo ní kó bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, kó sì wá ọkọ̀ tó máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

A bá a nínú pálọ̀, ó dá jókòó, rédíò ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún tó kọjá, orúnkún ìyàwó rẹ̀ ò sì jẹ́ kó wakọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi fún ọmọ ní mọ́tò. Mo fa àga kan sún mọ́ ọn, mo gbé irin náà lé e lọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

"Àṣìṣe mi ni, Ẹ̀gbọ́n." Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ń gun iké kan dé èkejì.

Ó pa rédíò. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè yẹn tí kò lọ, ẹsẹ̀ mi kọ́?"

"Ẹsẹ̀ yín kọ́. Ẹ mọ mọ́tò wà. Èmi ni mo bú yín lójú èèyàn, tẹ́ ẹ fi gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

"Torí èébú kẹ̀? Láti kékeré lo ti ń bú mi." Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo. "Mo mọ̀ pé mọ́tò náà ni. Ara mi sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ iṣẹ́, àbúrò mi sì ni ẹ́. Láàárín èmi àti ìwọ, ìwọ ni mo gbà gbọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò rí mi. Ó ṣì kọjú sí orí àga tí mo ti dìde, ó ń dúró de ohun tí mo máa sọ.