Ọdún Kejìlélógójì

Láti ìgbà tí Yéjídé ti gbọ́njú, ìyá rẹ̀ kò pè é lórúkọ rí. "Ìyá mi" ni wọ́n máa ń pè é, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹ́ lásán. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí ìyá ìyá rẹ̀ kú ní Ìgbókòdá ni wọ́n bí i, tòun ti àmì dúdú kan lábẹ́ etí òsì, níbi tí ti màmá àgbà wà gan-an. Ta ni yóò tún máa béèrè ẹni tó dé? Orí ẹja inú ọbẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí òun àti Kóyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá jọ ṣẹ̀, Kóyọ̀dé nìkan ni wọ́n máa ń nà, nítorí ta ni yóò gbé pàṣán fún ìyá ara rẹ̀? Títí di òní, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀, Ìyá Kóyọ̀dé, ẹni ọgọ́ta ọdún, yóò kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì fúláàtì wọn ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọn yóò ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Ìyá mi."

Àmọ́ ẹni tó jẹ dídùn ní láti jẹ kíkan. Ọdún mọ́kànlélógójì ni màmá àgbà lò láyé kí egbò ọmú tó pa wọ́n. Nígbà tó di ọdún márùn-ún sẹ́yìn, jẹjẹrẹ ọmú mú Ìyá Kóyọ̀dé náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ara wọn yá, wọ́n sì padà sí ìjọ, wọ́n tún ń fi ẹsẹ̀ lásán jó nínú sùtánà funfun bíi tàtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pé jíìnì kan ní àléébù. Àjogúnbá ni, wọ́n ní. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá wọn ló ti wá, ó sì lè dé ara ọmọ.

Ó lè dé ara ọmọ ni dókítà sọ. Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó bá wọn wá "ó lè" kankan. Ẹni tó gbé ojú, ìrìn àti àmì màmá àgbà wá sáyé, ṣé ti ọmú nìkan ni yóò gbàgbé sílé? Yéjídé alára kò jiyàn. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Catford, láti òkè bọ́ọ̀sì ló sì máa ń wo yunifásítì tó wà ní New Cross lójoojúmọ́, níbi tí wọ́n ti gbà á wọlé fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta. Lẹ́tà wọn wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀: bí ó bá wọlé lọ́dún yìí, ẹni ọdún méjìlélógójì ni yóò jáde. Màmá àgbà kò sì kọjá mọ́kànlélógójì. Kí ni èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò ní lè parí sí?

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa jẹjẹrẹ àjogúnbá wá sí gbọ̀ngàn ìjọ. Sherifat ló bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ Yorùbá oníhíjáàbù kan láti Kennington.

"Ẹ̀yin Mummy, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú research yìí," ó ní. "Tí wọ́n bá rí change kan nínú jíìnì tiwa, ìgbà míì wọn ò ní mọ̀ bóyá ó burú tàbí kò burú, torí pé àwa tí wọ́n ti yẹ̀ wò ò pọ̀. Spit lásán ni mo wá gbà."

Àwọn èèyàn fà sẹ́yìn. Ẹni tí kì í fi irun orí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ṣé itọ́ ni yóò tu fún àjèjì? Àfi bí Ìyá Kóyọ̀dé ṣe dìde.

"Mo ti fún wọn ní odindi ọmú," ni wọ́n wí. "Kí ni itọ́?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ìjọ, ìlà sì gùn dé ẹnu ọ̀nà. Yéjídé náà tutọ́ tirẹ̀. Nítorí ohun tí wọ́n ti rí lára ìyá rẹ̀, Sherifat ní kó wá sílé ìwòsàn kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè fún un ní èsì tó dájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é fún èsì, Kóyọ̀dé ló fi mọ́tò gbé Yéjídé àti ìyá wọn lọ sílé ìwòsàn. Ó ní òun kò ní wọlé, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, àmọ́ òjò lé e wọlé. Yéjídé gbé báàgì dání. Aṣọ ìsùn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti Bíbélì ló wà níbẹ̀, nítorí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọn kò ní jẹ́ kí òun padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Sherifat kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Sister Yéjídé, ẹ ò ní i. Jíìnì tí Mummy ní yẹn, ẹ ò jogún ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò," ni Yéjídé wí. "Èmi ni Yéjídé."

"A ti check ẹ̀ dáadáa. Fifty-fifty ni látìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ta kọ́ìnì sókè ni. Screening tí wọ́n ń pe gbogbo obìnrin sí, ẹ ṣáà máa lọ. Ó tán."

Inú Yéjídé dùn. Síbẹ̀ ojú ń tì í, bí ọmọ tó sọ ohun tí wọ́n fi rán an nù lọ́nà. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mummy, ṣé èmi wá kọ́ ni?"

Ìyá Kóyọ̀dé na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan àmì abẹ́ etí rẹ̀.

"Ìwọ ni. Àbí òmùgọ̀ ni ìyá mi? Àrùn lé èèyàn kúrò láyé, ó wá ráyè padà wá, ṣé àrùn yẹn náà ló máa dì mọ́ ẹrù? Ọ̀nà ni wọ́n jù ú sí."

Sherifat rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí híjáàbù nu ojú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Uncle yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yẹ àwọn náà wò?"

"Èyí?" ni Ìyá Kóyọ̀dé wí. "Bàbá ẹ̀ ló jọ látòkè délẹ̀. Kò mú nǹkan kan lára wa."

"Mummy, jíìnì kì í wo ojú. Fifty-fifty tiwọn náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin máa ń ní i, wọ́n sì lè fi fún ọmọ wọn."

Kóyọ̀dé gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan, Miracle, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

"Forty-one years," ó ní, "orí ẹja kan ò kàn mí rí nínú ilé yìí. Èyí ló wá fẹ́ kàn mí?"

Ẹ̀rín gba yàrá náà, àmọ́ Ìyá Kóyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ọmọ wọn ọkùnrin bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n gba tòun torí Miracle. Sherifat ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣàlàyé fún un, ó sì fi í sí ọjọ́ Tuesday. Yéjídé ní òun máa bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Kóyọ̀dé bu oúnjẹ. Abọ́ Kóyọ̀dé ni wọ́n gbé orí ẹja sí. Kóyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìrù ló kan Yéjídé, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju gbogbo orí tó ti jẹ lọ. Ó dìde, ó lọ mú lẹ́tà yunifásítì wá láti abẹ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta ni, Mummy. Forty-two ni màá jẹ́ tí mo bá máa jáde."

Ìyá Kóyọ̀dé nu ọwọ́, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ lẹ́tà náà dáadáa lórí tábìlì.

"Ìyá mi ò dé ibẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Lọ bá wa dé ibẹ̀, Yéjídé."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.