Pẹ́pẹ́yẹ Inú Eèsún

Láti ìgbà tí Ìyá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń ka ẹyẹ nínú ọgbà ẹyẹ tó wà láàárín ìlú. Àràárọ̀ ló ń gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, yóò sì jókòó sínú ahéré onípákó tó kọjú sí adágún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ènìyàn tán láyé, ẹyẹ ló wá kù tí ìyá òun ń pe rẹ́jísítà fún.

Lọ́dún yìí, pẹ́pẹ́yẹ igbó kan yé sínú eèsún etí omi, irú èyí tí kò yé níbẹ̀ rí. Ìyá Tíṣà nìkan ló mọ ibẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí èrò má baà ya bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ariwo katakata ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn wá kó ẹrẹ̀ inú adágún. Nígbà tó fi dé etí omi, ìdajì eèsún ti dùbúlẹ̀. Ká ní ó ti la ẹnu sọ fún ọ̀gá ọgbà ni, wọn ì bá ti kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́.

Dẹ́rẹ́bà katakata pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ àwọn ẹyẹ ibí?"

"Èmi ni."

"Pẹ́pẹ́yẹ kan fò jáde níwájú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó, mo bá ẹyin mẹ́jọ. Mi ò wa katakata débẹ̀ mọ́."

"Kò sí èyí tó fọ́?"

"Kò sí, mà. Ìyá wọn ni ò tíì padà."

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má tan ẹ̀rọ yẹn."

Àwọn méjèèjì jókòó sínú ahéré. Dẹ́rẹ́bà gba awò, ó fi ẹnu rẹ̀ tó tóbi sójú, ó ní adágún ti sá lọ sí ìlú kejì. Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, oòrùn sì ti ń mú.

Ni pẹ́pẹ́yẹ bá yọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ dá títì kọjá, ó wọ inú eèsún. Kò jáde mọ́.

Ìyá Tíṣà mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ó ti sàba," ló wí.

Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá ọgbà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ń ta okùn yí eèsún náà ká. Dẹ́rẹ́bà di orí kan okùn náà mú, Ìyá Tíṣà di ìkejì mú.