Ikun Tó Ń Ṣọ́ Ikùn

"Ikun ń dà mí láàmú, mà." Àbúrò mi sọ ọ́ bí ẹni ń gbàdúrà sínú.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Nítorí ìwà yẹn la ṣe ń pè é ní Awòlẹ̀. Ó ní ta ni ikun kò dà láàmú nínú òtútù yìí. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kó yáa fọn imú, kó jẹ́ kí ìlà sún. Àbúrò mi fẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe ti imú, ṣùgbọ́n obìnrin pọ̀ lẹ́yìn wa, ojú sì tì í. Awòlẹ̀ ka oògùn ara ríro sí i lọ́wọ́, èyí kan náà tó ń fún ẹlẹ́yìn dídùn àti olórí fífọ́, tí gbogbo wa ń gbé mì ká lè ru àpótí. Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti ń gbé e mì láìjẹun.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣubú sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà.

Dókítà tó gbà á ní inú ìfun kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó rí bí ife. Ohun yíyọ̀ ni wọ́n ń dà jáde, òun ni ìfun fi ń bora, kí oúnjẹ má baà họ ọ́, kí kòkòrò àìsàn má sì kàn án lára. Ikun tí àbúrò mi ń yà mọ́ ìgbẹ́, aṣọ ìfun rẹ̀ ló ń fàya. Oògùn yẹn, lórí ebi, ló ń bó o, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà nínú rẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi béèrè bóyá wọ́n lè ra ikun náà, kí wọ́n dà á padà sí i nínú.

"Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bó bá ráyè," ni dókítà wí. "Màmá, ara ọkọ yín ò ráyè mọ́."

Kò pẹ́ tó fi kú.

Awòlẹ̀ wá kí wa nílé. Mo ti di ọ̀rọ̀ sínú dè é. Èmi kì í gbàgbé, n kì í sì í forí jini. Ó jókòó tì mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ni àbúrò yín pe àìsàn ọ̀hún?"

Mo la ẹnu. "Ikun," ni mo wí.

Opó náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣe wàhálà wá.