Ọjọ́ tí Ọláyanjú Panu Mọ́

Bí ẹ bá mọ Ọláyanjú, ẹ ó gbà pé Ọlọ́run fún un ní èjìká, ó sì fún un ní ẹnu, ṣùgbọ́n kò fún ẹnu náà ní ìlẹ̀kùn. Bó bá lá àlá lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo àdúgbò wọn ní Ìsọlọ̀ ti gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ kí ayé gbọ́ nǹkan, òun kì í wá ilé iṣẹ́ rédíò lọ, òun á kàn ní kí Bàbá Ìyanu má sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Ẹrù ni ọkùnrin yìí ń já. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kọ̀ǹténà kan létí títì márosẹ̀ Òṣòdì, níbi tí tírélà ti ń kó ẹrù ọkọ̀ ojú omi wá láti Àpápá. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté ni gbogbo wọn. Dáúdà ni olórí wọn, àgbàlagbà tó ti ń gbé ẹrù kí Ọláyanjú tó kúrò ní Ìkirè wá sí Èkó.

Òfin kan wà nínú ọgbà yẹn tí ẹnikẹ́ni ò kọ sára ògiri. Bí ẹrù bá wúwo, gbogbo ọwọ́ á kọ́kọ́ kàn án. Dáúdà á wá máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá pè á sì dáhùn pé, "Ọwọ́ mi wà ńbẹ̀!" Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dáhùn ni Dáúdà á tó kígbe pé "Ó yá!", ẹrù á sì gbéra. Láyé ọjọ́un, wọ́n gbé ẹrù kan nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ṣì ń nu òógùn ojú, ẹrù náà sì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, ọba ì báà pàṣẹ fún wọn, wọn ò ní gbé nǹkan kan bí orúkọ kan bá kù.

Òórùn ló dá wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Àwọn kọ̀ǹténà kan wà tí wọ́n máa ń fín oògùn kòkòrò sí nínú lókè òkun kí wọ́n tó tì í pa. Bí èèyàn bá ṣí i tó sì kó wọ inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oògùn náà á dá a dùbúlẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Àjàmú, olórí ọ̀wọ́ kejì nínú ọgbà náà, wọ inú ọ̀kan báyìí, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọláyanjú ló sáré wọlé lọ pọ̀n ọ́n jáde. Oore ńlá ni, àbí? Ẹnu tí ò ní ìlẹ̀kùn ò kúkú jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Bí Àjàmú ṣe lajú báyìí, Ọláyanjú wò ó níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lò ń jẹ gan-an? Fìríìjì tí mo gbé lánàá fúyẹ́ jù ẹ́ lọ!" Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Àjàmú, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣí kọ̀ǹténà kan, òórùn yẹn náà tún tú jáde. Ọláyanjú bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì dábùú, ó ní kò sẹ́ni tó máa wọlé.

"Ẹ jẹ́ kó mí ná! Kọ̀ǹténà ní láti mí kí ọmọ èèyàn tó wọ inú ẹ̀. Ìbòmú tí ẹgbẹ́ ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Bàtà ńkọ́?"

Akínfẹ́mi, máníjà tuntun, jáde sí i. Ọ̀dọ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ funfun báláú, kò sì tíì fọwọ́ kan ẹrù rí láyé rẹ̀.

"Ìwọ, máa lọ sílé ẹ," ló wí. "Àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ẹnu gẹ́ètì. Má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Ó ní kí wọ́n ti kọ̀ǹténà náà pa, pé ọ̀la ni wọ́n máa wọ̀ ọ́, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọláyanjú wọnú eegun. Iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ Ìyanu ọmọ rẹ̀, òun ló sì fi ń san owó yàrá. Ṣùgbọ́n kó tó dé Ìsọlọ̀, ó ti túra ká. Ó sọ fún ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé e, ó sọ fún obìnrin tó jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́, ó sọ fún onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn: "Ẹ máa wò ó lọ́la. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ò ní tẹ ọgbà yẹn! Gbogbo wọn á jókòó sílé nítorí mi. Ṣebí ẹgbẹ́ la jẹ́!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ dúró sí ibùdókọ̀ iwájú Jákáńdè, níbi tí gbogbo wọn ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síṣẹ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé wọn ò lọ. Yéè! Dáúdà ló kọ́kọ́ rí, tòun taṣọ iṣẹ́. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni Ọláyanjú fi igbe ta. "Gbogbo yín pátá! Ẹ̀gbọ́n Dáúdà, àtẹ̀yin náà? Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ o!"

Àwọn èrò ibùdókọ̀ yíjú sí wọn. Dáúdà ò bínú. Ó yọ orí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì.

"Ọláyanjú, padà sílé. Wẹ̀, wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ, kó o jókòó. Má lọ síbì kankan."

"Kí n fi aṣọ iṣẹ́ ṣe kí ni?"

"Bí mo bá sọ fún ẹ, Òṣòdì á ti gbọ́ kí bọ́ọ̀sì yìí tó débẹ̀," ni Dáúdà wí, bọ́ọ̀sì sì lọ.

Ọláyanjú bú wọn délé. Bánkẹ́ ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, kò dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ lọ wẹ̀, Bàbá Ìyanu. Àgbàlagbà bíi ti Dáúdà ò ní sọ̀rọ̀ lásán."

"Mi ò wẹ̀!"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi omi yẹn fọṣọ."

Ó wẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kùn lọ. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti ń rò ó pé bóyá gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n ń bá òun rín látọdún yìí wá, ẹ̀rín ẹnu lásán ni, pé iṣẹ́ ti lọ, ọ̀rẹ́ náà sì ti lọ. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Oòrùn ti mú dáadáa nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé. Ta ló sọ̀ kalẹ̀ bí kò ṣe Akínfẹ́mi, tí òógùn ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mọ́ lára.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀."

Ọláyanjú wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ló ń kí.

"Àwọn ẹ̀rọ búrẹ́dì kan wá fún ilé iṣẹ́ kan níhìn-ín ní Ìsọlọ̀," ni Akínfẹ́mi ń sọ, tó ń mí hẹlẹ. "Ẹyọ kan tó tóbi jù wà lórí tírélà. Ọlọ́jà ò fẹ́ kí irin fọ́kílíìfù tó ń gbẹ́rù kàn án, ó ní wọ́n fi ba èyí tó rà tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ èèyàn ló fẹ́. Àwọn èèyàn yín dé láàárọ̀, wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tí wọ́n dé orí tiyín…"

"Ẹn-ẹ́n?"

"Kò sẹ́ni tó dáhùn! Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń pe orúkọ, sà. Mo ní kí wọ́n fo tiyín, wọ́n ní àwọn kì í fo ọwọ́. Mi ò sì lè sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́, ọwọ́ gbogbo wọn wà lára ẹrù!"

"Àjàmú ńkọ́? Ẹ ò pe Àjàmú ni?" Ọláyanjú mọ̀ pé bí ẹnìkan bá máa fi òun ṣẹ̀sín, Àjàmú ni.

"Mo pè é. Ó kó àwọn tiẹ̀ wá, wọ́n fọwọ́ kàn án, ó pe orúkọ gbogbo wọn, gbogbo wọn dáhùn. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Àfi bó ṣe tún lanu, tó kígbe pé, 'Ọláyanjú!'"

Omi lé sójú Ọláyanjú, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀. Ó wá yé e. Ká ní wọ́n jókòó sílé ni, Akínfẹ́mi á kó ẹlòmíràn lẹ́nu gẹ́ètì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lílọ tí wọ́n lọ síṣẹ́ ni kò jẹ́ kó rí wọn lé. Àwọn tó pè ní ọ̀dàlẹ̀ níṣojú èrò nìyẹn. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn dé gongo.

"Ṣé ẹ wá rí i pé ìwẹ̀ yẹn wúlò?" ni Bánkẹ́ wí. "Ẹ máa lọ jàre."

Nínú kẹ̀kẹ́, Akínfẹ́mi ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣáà ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ yín ti padà." Ọláyanjú ní kò burú. Ó ń dán ohùn rẹ̀ wò títí wọ́n fi dé Òṣòdì.

Bí wọ́n ṣe rí i, ọgbà hó yèè. Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n gbá a lẹ́yìn, wọ́n tì í sí igun tirẹ̀ lára ẹ̀rọ náà. Àjàmú dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fajú ro. Dáúdà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, àwọn ọkùnrin ń dáhùn pẹ̀lú ìdùnnú.

"Ọláyanjú!"

Ó lanu. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára kọ̀ǹténà àná tó ṣì wà ní títì pa. Ó wá rò ó wò. Bí òun bá dáhùn báyìí, òun ti rí iṣẹ́ òun gbà. Bí ẹ̀rọ yìí bá sì kúrò nílẹ̀, kọ̀ǹténà yẹn ló kàn, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ olọ́mọ kó wọ inú rẹ̀. Ta ló máa pọ̀n wọ́n jáde?

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ọláyanjú!" ni Dáúdà tún pè. Ó wò ó lójú, ohun tó rí níbẹ̀ yé e, ó sì rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọláyanjú ò fọhùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyà ló ń jẹ ẹ́ o! Ó di ètè mọ́ra gírígírí, òógùn bò ó, ọ̀rọ̀ ń jà lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí adìyẹ bá wà nínú agbọ̀n. Ẹrù tí ọkùnrin yìí ti gbé láyé rẹ̀, kò sí èyí tó wúwo tó ìdákẹ́ yìí.

"Ẹ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́!" ni Akínfẹ́mi ké. "Ṣebí mo ti dá iṣẹ́ yín padà?"

"Ọ̀gá, ohùn ẹ̀ ló há," ni Dáúdà fèsì. "Ó jọ pé òórùn àná ṣì wà lọ́fun ẹ̀. Bí kọ̀ǹténà yẹn bá mí díẹ̀, ó lè là."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àjàmú náà dá sí i. "Èmi mọ òórùn yẹn. Ó máa ń há èèyàn lọ́fun gan-an ni."

Fóònù Akínfẹ́mi ń ké, ọlọ́jà ń pariwo. Ó wo fóònù, ó wo ẹ̀rọ, ó wo Ọláyanjú tó di ètè. Ló bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó lọ ṣí ìlẹ̀kùn kọ̀ǹténà náà fúnra rẹ̀. Òórùn náà kò ó lójú. Ó sá sẹ́yìn, ó ń húkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Èyí lẹ ń sọ látijọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà lẹ ṣì wà yẹn, ọ̀gá," ni Dáúdà wí. "Ẹ ò tíì wọlé."

Akínfẹ́mi nu ojú tó ń ṣomi. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá àgbà rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn sì ní kó bá ẹgbẹ́ ṣàdéhùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tí Dáúdà ti ní kó máa dúró sítòsí gẹ́ètì látàárọ̀, wọlé wá, wọ́n jókòó síbòòji tírélà. Wọ́n jọ fọwọ́ sí i pé kọ̀ǹténà gbọ́dọ̀ mí kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, pé ìbòmú àti bàtà á dé ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, pé ilé iṣẹ́ ló máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa, àti pé wọn ò ní lé ẹni tó bá kọ̀ láti wọ inú ewu. Ní gbogbo àkókò yìí, Ọláyanjú ò sọ gbólóhùn kan. Wọ́n fún un lómi, ó mi orí pé òun ò mu. Ọlọ́dẹ ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ìran. Dáúdà tilẹ̀ fi fóònù ká fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Bánkẹ́. Bánkẹ́ dá èsì padà lójú ẹsẹ̀: "Ṣé ara ẹ̀ yá?"

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán, gbogbo wọn padà sídìí ẹ̀rọ. Àjàmú kó àwọn tirẹ̀ wá kún wọn, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláyanjú láìwò ó. Dáúdà pe orúkọ títí, ó dé orí ẹni ìkẹyìn.

"Ọláyanjú!"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì…"

"Dáhùn ná! Ẹrù ń dúró."

"ỌWỌ́ MI WÀ ŃBẸ̀!"

Ẹyẹ orí wáyà fò. Wọ́n ní àwọn tó wà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì gbọ́ ọ, èmi ò sì ní bá wọn jiyàn.

"Ó yá!"

Ẹ̀rọ náà gbéra. Wọ́n rọra ń fà á sórí pákó, iṣan ń yọ lọ́rùn kálukú. Láàárín rẹ̀ ni Àjàmú, tí kò bá Ọláyanjú sọ̀rọ̀ látọdún tó kọjá, kérora pé, "Ó mà wúwo o!"

"Kò wúwo tó ẹ," ni Ọláyanjú wí.

Àjàmú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Dáúdà ń pariwo pé kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́ o, kí wọ́n dì í mú o, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́. Wọ́n gbé e délẹ̀ láìsí ìfarapa kan. Àjàmú wá nu ojú, ó fi èjìká gbá Ọláyanjú.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó o ti bú mi," ló wí.