Ó Pé, Ó Pé, Ó Pé

"Ṣé a pé?" Obìnrin kan ń fi ìka ka orí àwọn ará ilé rẹ̀ lórí ìjókòó onípákó. "Màmá nìyí. Àwọn ọmọ méjèèjì nìyí. Bàbá wọn dà? Ẹ̀yin ni mò ń bá wí o, ẹ wá jókòó. Ìsinmi ti tán, ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń wòran."

Ọkọ rẹ̀ kò tíì jókòó. Ó dúró ti ògiri ọkọ̀ ojú omi náà, ó ń ka ìwé kan tí wọ́n fi gíláàsì bò.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò ní erékùṣù náà, ìsinmi àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Àwọn ọmọbìnrin wọn wẹ̀ nínú òkun títí ohùn fi há. Yanrìn kún inú bàtà gbogbo wọn. Àárọ̀ yìí ni wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà. Ọkọ̀ ńlá tó gbé wọn wá ti bàjẹ́, kékeré yìí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, òmíràn kò sì ní í wá títí di ọ̀túnla. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìdájí ọ̀la.

Iṣẹ́ ọkọ ni yíyẹ ọkọ̀ ojú omi wò fún ìjọba. Ó ti ṣe é fún ọdún méjìlélógún. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ: ó pé. Ara ọkọ̀: ó pé. Ogójì ẹ̀wù tí ń mú èèyàn léfòó: ó pé. Ìbuwọ́lù tó wà nísàlẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Tirẹ̀ ni.

Ó rántí ọ̀sán tó fọwọ́ sí i. Òjò ń rọ̀, ìwé mẹ́wàá wà lórí tábìlì, kò sì dìde lórí àga. Ó ní ọkọ̀ tó rìn lánàá á rìn lónìí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí pákó ìjókòó kan tó wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kó ẹ̀wù náà sí, mọ́kànlá péré ló sì kà. Wọ́n ti bu, fóòmù inú wọn ń rún bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Omi ń yọ́ wọlé lábẹ́ wọn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ara ọkọ̀. Àtàǹpàkò náà rì wọlé. Lórí òkun lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run ti ṣú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀," ni atukọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbéra."

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìjọba ní ó pé, ìwé rẹ̀ nìyẹn. Àbí ẹ mọ̀ ọ́n ju ìjọba lọ?"

Ó yíjú sí ìwé náà. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀.

"Ìbuwọ́lù yín nìyí."

"Tèmi ni."

"Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wí fún wọn pé inú ń run Màmá. Ẹ má dárúkọ iṣẹ́ yín o. Ẹni tó bá bọ́ṣọ lójà, ìhòòhò ló máa rìn délé."

"Inú ta ló ń run?" ni ìyá àgbà wí. "Ẹ má fi mí purọ́. Ọjọ́ tí inú bá wá ń run mí lóòótọ́, kí lẹ fẹ́ sọ?" Ṣùgbọ́n ó di ikùn mú bí wọ́n ti ń ràn án lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àyè wọn kò ṣófo pẹ́. Ìdílé mìíràn tó ti ń tò ní èbúté wọlé: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. "Ẹ ṣeun o," ni ìyá wọn ké sí wọn. "Ọlọ́run á fún Màmá ní àlàáfíà. À bá sùn síbí." Ó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ jókòó sórí pákó tí ọkùnrin náà ṣí lẹ́ẹ̀kan.

Ọkùnrin náà yí padà. Ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Iṣẹ́ ọdún méjìlélógún ńkọ́? Àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ń tú ìka ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tọ́jú wọn. Mò ń bọ̀."

Ó wọnú ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí. Orí àga ni mo wà tí mo fi kọ ọ́. Mi ò rí ọkọ̀ yìí rí àfi lónìí." Ó fa ẹ̀wù kan yọ, ó fà á ya. Fóòmù dà sílẹ̀ bí èérú.

Àwọn èrò dìde. Lẹ́yìn náà ni èébú bẹ̀rẹ̀.

"Apànìyàn!"

"Ìgbà tí ìdílé tirẹ̀ wọ̀ ọ́ lojú rẹ̀ tó là!"

Òótọ́ ni.

"Ọ̀gá," ni atukọ̀ wí jẹ́jẹ́, "ẹ ti pa ara yín."

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, kò sẹ́ni tó kí i. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló kẹ́yìn. Ó gbé ọmọ sápá kan, ó fi fóònù ya ìwé ara ògiri. Ó wá kọjú fóònù náà sí ọkùnrin náà.

Fìlà tó dé nítorí oòrùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó ṣí i, ó sì dúró jẹ́ẹ́, kí ojú rẹ̀ lè hàn dáadáa.