Ọ́ọ̀fù Méjì, Ẹ̀rọ Kan

Ó ti rẹ Ìyá Alọṣọ débi pé bó bá jókòó, ìdí ẹ̀ á kọ̀ láti dìde. Bó bá sì dìde, orúnkún ẹ̀ á máa kùn sí i. Obìnrin tó sanra dáadáa ni. Òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé ẹran tó wà lára òun tó ti ẹni méjì, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e kiri.

Abẹ́ ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, òógùn kì í gbẹ lójú ẹni. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ aṣọ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Baálé ló sọ ọ́, nítorí ó ń gbóná láìnídìí, ó ń kùn látàárọ̀ dalẹ́, oúnjẹ kì í sì í tó o. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni oúnjẹ ẹ̀. Látìgbà tí obìnrin tí wọ́n jọ ń bọ́ ọ ti lọ bímọ tí kò padà wá mọ́, Ìyá Alọṣọ kò tíì rí ọjọ́ kan fi sinmi. Oorun nìkan ló ń tọrọ láyé yìí. Ẹlòmíì lè máa wá ọlá.

Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Kọ́kọ́rọ́ nítorí kọ́kọ́rọ́ tó so jìngbìnnì mọ́ ìdí ẹ̀, kì í ráyè sọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré kan ló fi ń ṣàkóso gbogbo abẹ́ ilẹ̀ náà: ọ́ọ̀fù. Bí iná bá ń jó lásán, ọ́ọ̀fù. Bí mílíìkì inú fíríìjì àwọn òṣìṣẹ́ bá kan, ó ti ọ́ọ̀fù nìyẹn. Bí àbàwọ́n wáìnì bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, á ní kò ọ́ọ̀fù. Nígbà tí òun fúnra ẹ̀ bá sì ń lọ sílé, á gbé báàgì, á ní òun ti ọ́ọ̀fù. Ọkùnrin kan wà tó ń fọ aṣọ, Ọṣẹ-ń-hó ni wọ́n ń pè é nítorí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ọkùnrin oníyàwó púpọ̀: èèyàn mọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ èèyàn ò mọ yàrá tó máa sùn lálẹ́ òní.

Nírọ̀lẹ́ Fúráídè kan, Baálé bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín nídìí. Ìyá Alọṣọ wọ́ ara ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Màdáàmù, ó bá a lórí fóònù. Ó ní Baálé ń rú èéfín o. Ó tún ní ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ òun ti wú bí ìrọ̀rí, ṣé òun lè sinmi lọ́la. Èémí kan náà ló fi sọ méjèèjì, nítorí bó bá dúró mí láàárín, ìgboyà á tán.

Màdáàmù fọwọ́ bo fóònù. "Ọ́ọ̀fù, Màmá. Ọ́ọ̀fù." Ó juwọ́ sí i pé kó máa lọ, ó padà sídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ìyá Alọṣọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀kan fún Baálé, ọ̀kan fún òun. Ó lọ pa ẹ̀rọ náà, ó gbá a ní ìdí pẹ́ẹ́, ó ní kó sùn ire, wọ́n ti yọ̀ǹda àwọn méjèèjì.

Ní Sátidé, ó sùn bí igi tí wọ́n gé lulẹ̀. Ó hanrun débi pé ọkọ ẹ̀ gidi, tó wà nílé, gbé ìrọ̀rí tiẹ̀ lọ sí pálọ̀. Nígbà tí fóònù ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí ò dákẹ́, bàbá náà pa á, ó ní òkú kì í gba ìpè. Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́, ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́, ara ẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ti fún omi ẹ̀.

Ọṣẹ-ń-hó pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ ò dán.

"Ìyá, Màdáàmù ń sọ fáwọn ará òkè, àwọn ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì, lánàá pé ẹ ti ọ́ọ̀fù."

"Òótọ́ ni. Ọ́ọ̀fù ni mo wà."

"Èyí tẹ́ ẹ rò kọ́ nìyẹn. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ yàtọ̀."

Ó ní bóyá wọ́n ti lé e níṣẹ́ ni o, bóyá wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú ni, òun ò lè sọ, àmọ́ nínú méjèèjì kò sí èyí tí wọ́n fi ń kí èèyàn. Iṣẹ́ yìí ni ìyá fi ń gbọ́ bùkátà òun àti ọkọ ẹ̀. Ta ló tún fẹ́ gba arúgbó tó ń mí bíi kẹ́tùlù síṣẹ́?

Ó bá Màdáàmù ní yàrá táwẹ̀ẹ̀lì, tó jókòó sórí ẹrù aṣọ, ojú ẹ̀ pọ́n, ó fi aṣọ wé ìka tí iná ti jó. Áyọ́ọ̀nù ọwọ́ ló fi lọ aṣọ ìrọ̀rí gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì lánàá, títí ẹni tó tún Baálé ṣe fi dé.

"Màmá, ibo lẹ wà lánàá?"

"Ilé, ọ̀gá. Ẹ ní ọ́ọ̀fù."

"Ẹ̀rọ ni mo ní kẹ́ ẹ pa. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ pé ẹ tọrọ nǹkan míì."

Ìyá Alọṣọ wolẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́, ọ̀gá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní."

Ẹ̀rín kan gbéra lọ́fun Màdáàmù, kò rí agbára dé ètè. Ó ní lóòótọ́ lòun sọ fáwọn ará òkè pé orí Màmá ò pé mọ́. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán nídìí áyọ́ọ̀nù, orí òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ pé. Wọ́n bi òun bóyá káwọn wá ẹlòmíì, òun ní rárá, ta ló máa dúró nínú ooru yìí.

"Ẹ lọ ọ́ọ̀nù ẹ̀rọ yẹn," ló sọ.

Èyí kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Iṣẹ́ ni. Inú ìyá dùn, ó sì rẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà, kó lè béèrè ìgbà tí ọ́ọ̀fù gidi máa kan òun. Màdáàmù ti forí lé táwẹ̀ẹ̀lì, ẹnu ẹ̀ ti là, kọ́kọ́rọ́ ìdí ẹ̀ ń mì bó ṣe ń mí. Ìyá Alọṣọ fa táwẹ̀ẹ̀lì gbígbẹ kan yọ, ó fi bo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó pa iná, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ọṣẹ-ń-hó ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó béèrè pé Màdáàmù ńkọ́.

"Ọ́ọ̀fù."

"Èwo nínú ẹ̀?"

Ìyá Alọṣọ ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Baálé. Ó tàn án, Baálé kùn, ó gbóná, ó yanu. Ìyá fi aṣọ àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.